Ẹ ṣọ́ra fún “ẹ̀ǹjíníà” faiba tó ń kan ìlẹ̀kùn kiri Under G

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Under G àti Adéníkẹ̀ẹ́, tí ọkùnrin kan bá gbé àkàbà wá, tó ní òun fẹ́ fa íntánẹ́ẹ̀tì faiba (èyí tó ń gba inú wáyà wá, tí ò nílò síìmù) wọlé fún yín, ẹ ka èyí tán kẹ́ ẹ tó sanwó. ₦65,000 tèmi ti bá a lọ.

Ilé ni mo ti ń tẹ pírójẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ LAUTECH. Ráútà tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ ò burú, kí n má purọ́, àmọ́ tó bá ti di aago mẹ́jọ alẹ́, ṣe ló máa ń wọ́ bí ìgbín. Ìgbà tí ẹni yìí wá ní, “Mọ́mì mi, ₦65,000 lẹ́ẹ̀kan, ₦10,000 lóṣooṣù, ẹ lò ó títí kó sú yín,” etí mi là.

Ó gun òrùlé, ó fa wáyà dúdú láti ara òpó, ó kàn án mọ́ ògiri létòlétò, ó tì í bọ inú àjà. Ó gbé ráútà kékeré kan sí pálọ̀, ó ní kí n wá wo bó ṣe ń sáré. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Àìkú nìyẹn o, tí gbogbo Under G ṣì ń sùn. Kí ni ò ní sáré?

Ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀, ó kú fin-ín-fin-ín. Mo pè é, ó ní àwọn ń tún ẹ̀rọ ṣe. Mo tún pè, fóònù ò lọ mọ́. Bọ̀dá tó ń bá wa ṣiṣẹ́ iná ló gun àjà lọ wò. Wáyà yẹn ò dé ibì kankan! Inú àjà ló parí sí, ó fi tẹ́ẹ̀pù dì í lórí bí ìka tí ọ̀bẹ gé. Bọ̀dá gé e, okùn bàbà ló yọ jáde: wáyà díìṣì lásán. Faiba gidi kì í gbé bàbà sínú, dígí tín-ín-rín bí irun orí ni, ìmọ́lẹ̀ ló ń gbà á kọjá.

Mo bá bó sítíkà ìdí ráútà. Síìmù ló wà níbẹ̀. Dátà tó rà sí i ló tán. Mo mú síìmù lọ sọ́ọ́fíìsì àwọn tó ni ín, wọ́n ní NIN ẹlòmíì ló wà lórí rẹ̀, àwọn ò lè ṣe nǹkan kan fún mi.

Èyí tó tún dùn mí ni pé mo ti ta ráútà àtijọ́ ní ₦12,000. Ẹ má ta tiyín o, ẹ lo tuntun fún oṣù kan ná, alẹ́ sì ni kẹ́ ẹ ti dán an wò. Ẹ wá orúkọ ilé iṣẹ́ náà láàárín àwọn tí NCC (àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé iṣẹ́ fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì) fún níwèé àṣẹ, ó wà lórí ìkànnì wọn. Akáǹtì ilé iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ sanwó sí. Orúkọ èèyàn lásán ló jáde nígbà tí mo fẹ́ sanwó, mo rí i, mo ṣì tẹ̀ ẹ́. Ẹ bá mi bú ara mi.

Tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ gidi ló rẹ́ yín jẹ, tẹ́ ẹ fẹjọ́ sùn wọ́n tí wọn ò dáhùn, ẹ pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni. Ti gbájúẹ̀ yìí, tẹ̀ṣán ni mo gbé e lọ.

Wáyà náà ṣì wà lára ògiri mi. Ẹni tí wọ́n bá ti kan irú ẹ̀ fún, kó gun àjà lọ wo ibi tó parí sí.