Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ọkọ̀ ní Lokoja, ẹ dákun, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ará Okun ní Kogi níbí, Okun o. Kabba ni mo wà tí mo ti ń kọ èyí. Inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ọ́ tí mo tún pa á rẹ́ torí mo ń rò ó pé kí làwọn èèyàn máa sọ. Kí wọ́n sọ ohun tó bá wù wọ́n. Ọkọ̀ tó mumi ni wọ́n tà fún mi. Ọkọ̀ tí omíyalé Lokoja gbé mì ní 2022, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fín pafúmù sí i, wọ́n wá gba ₦4,700,000 lọ́wọ́ mi, wọ́n tún ní kí n fún ọmọ tó ń nu ọkọ̀ ní owó omi, mo sì fún un.

Mi ò jí owó yẹn o. Epo pupa ni mo ń tà, láti Ìyàmoyè àti Kabba níbí ni mo ti ń kó o lọ sí Lokoja, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi dá èsúsú, mo sì tún fi owó kajú tá a tà lóko bàbá mi kún un. Gbogbo ìgbà tí kẹ́ẹ̀gì mi bá jò sínú bọ́ọ̀sì ni dẹ́rẹ́bà máa ń bú mi lójú èrò, mo wá ní kí n kúkú ra ọkọ̀ tèmi kí n sinmi ìwọ̀sí. Corolla 2010, aláwọ̀ eérú, ó mọ́ roro. Oṣù kejì ọdún 2025 ni, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ohun tó ń dùn mí jù rèé. Ọkọ̀ náà ní ìwé. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ín nílẹ̀ yìí, òṣìṣẹ́ ìjọba kan, èèyàn tó létò ni, ó ní ìwé pélébé kan nínú pijin-ó tó ń kọ gbogbo séfíìsì sí, ọjọ́, iye máìlì, ọ́ìlì tí wọ́n dà, ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ páàdì bíréèkì. Láti 2019, oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kò fò ó rí. Ó dé August 2022, máìlì wà ní 118,240, ó dúró. Kò sí nǹkan kan mọ́ títí March 2024. Lẹ́yìn náà séfíìsì mẹ́ta tẹ̀ léra wọn, bírò aláwọ̀ búlúù kan náà, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà, tí kì í ṣe ti ọ̀gá àkọ́kọ́ yẹn rárá. Mo rí i o! Mo fi ìka mi sórí àlàfo yẹn níbẹ̀, mo bi ọkùnrin tó ń tajà pé kí ló ṣẹlẹ̀ síbí yìí.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ò mọ̀ ni, wọ́n gbé ọ̀gá lọ sí Abuja níbi iṣẹ́ wọn, wọ́n pa ọkọ̀ sínú gáréèjì, wọ́n kàn ń sitáàtì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni. Ọkọ̀ tí ò rìn, kí lẹ fẹ́ séfíìsì nínú ẹ̀?"

Mo wo máìlì ti March 2024, 118,900 ni wọ́n kọ. Òótọ́ ni, kò rìn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ bá ìwé mu. Ẹ sọ fún mi, ta ni ò ní gbà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa bú mi, ẹ sọ tòótọ́, ṣé ẹ̀yin ò ní gbà? Ó tún fi Carfax, ìwé ìtàn ọkọ̀ tí wọ́n ń kó jọ ní Amẹ́ríkà, hàn mí lórí fóònù, ó ní ẹ wò ó mọ́mì, nọ́ńbà sásíì ọkọ̀ yín rèé, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún, kò ní jàǹbá kankan, kò sí ohun tó ṣe é ní Amẹ́ríkà. Òótọ́ sì ni ìyẹn náà o. Carfax yẹn parí sí 2015 tí ọkọ̀ kúrò ní Amẹ́ríkà. Báwo ni Carfax ṣe máa mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lokoja? Mi ò rò ó débẹ̀. Mo kàn rí ìwé tó mọ́, ọkàn mi balẹ̀.

Ẹ má sì bi mí pé ṣé mi ò mú mẹkáníìkì dání. Mo mú un! Ẹni tó ń tún ọkọ̀ àbúrò mi ṣe ni, mo gbé e láti Kabba, mo sanwó ọkọ̀ ẹ̀, mo fún un ní ₦15,000, mo ra iyán fún un. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, ó ṣí ìdérí ọ́ìlì, ó wà á yíká lẹ́ẹ̀kan, ó ní "mọ́mì, ẹ́ńjìnnì yìí ò ní wàhálà." Kò tú kápẹ́ẹ̀tì. Kò wo abẹ́ síìtì. Àlejò ọkọ̀ ló ṣe, kì í ṣe àyẹ̀wò. Nígbà tí mo sì ń ka owó lórí fóònù, mo rí òun àti ọkùnrin yẹn lẹ́yìn ọkọ̀ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bóyá mo ń ṣi í rò. Ṣùgbọ́n mo rí wọn, wọn ò sì tíì jẹ́ kí n gbàgbé.

Oṣù kejì àti ìkẹta, ọkọ̀ lọ, ó bọ̀, mo ń yin ara mi. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ báyìí, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ẹ̀ bíi ti àpò gaàrí tó bu. Mo rò pé epo ló dà sí i. Mo fọ̀ ọ́, ọṣẹ, ọsàn wẹ́wẹ́, omi gbígbóná, kò lọ. Fèrèsé ẹ̀yìn kọ̀, kò gòkè mọ́. A.C. ọkọ̀ ń tú òórùn. Mo ní á dáa.

Ó wá di ọjọ́ kan ní April, mo ń bọ̀ láti Lokoja, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, òjò ń rọ̀, mo ti kọjá Obajana díẹ̀, gbogbo iná ọkọ̀ kú lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe iná iwájú nìkan, gbogbo ẹ̀, wáípà dúró, sítíárìn le gbagidi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà yẹn ẹ mọ irú tírélà sìmẹ́ńtì tó ń gba ibẹ̀. Ọmọ mi obìnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò rí títì, títì ò rí mi, tírélà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá wa, ó fọn fèrè tí etí mi ò tíì gbàgbé títí di òní. Àwọn ọmọkùnrin méjì tó ń ta omi ló bá wa tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, Ọlọ́run á ṣàánú wọn. Aago mẹ́sàn-án kọjá kí a tó rí ẹni fà wá. Nítorí ₦4,700,000! Mo sanwó kí wọ́n lè pa mí àti ọmọ mi!

Réwáyà kan, ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, ní Kabba níbí ló tú u. Ó gbé síìtì iwájú kúrò, ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ó dákẹ́. Ó pè mí pé kí n wá wò ó. Amọ̀ ni, amọ̀ gbígbẹ tó lẹ̀ mọ́ irin, ewé jíjẹrà wà nínú ẹ̀, ìkarahun ìgbín kékeré kan wà nínú ẹ̀. Nínú ọkọ̀ mi! Bóòtù tó di síìtì mú ti dípẹtà pátápátá. Ó fa bẹ́líìtì jáde títí dé ìdí ẹ̀ tí èèyàn kì í fà á dé, ibẹ̀ ni ilà omi wà, ó pọ́n bí ìpẹtà, mo fọwọ́ kàn án. Orí àwọn wáyà ti di aláwọ̀ ewéko níbi tí wọ́n ti so ara wọn. Ó ní omi ò ní ba wáyà jẹ́ lọ́jọ́ kan náà, díẹ̀ díẹ̀ ló máa ń jẹ ẹ́, oṣù mẹ́fà, ọdún kan, ọdún méjì, ìyẹn ni wọ́n fi ń rí i tà. Ó ní kí n wo iná airbag, àpò afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde gbà èèyàn nígbà jàǹbá, lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ṣé ó ń tàn nígbà tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́? Mo ní kò tàn rí, mo rò pé ìyẹn ló dáa. Ó ní rárá, ó gbọ́dọ̀ tàn fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó kú. Wọ́n gé wáyà ẹ̀ ni. Ó so ó padà, ó tàn, kò sì kú mọ́.

Ọ́ìlì jíà ńkọ́? Ó dà á sínú ike, ó rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti wọ inú ẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo gbé ìwé pélébé yẹn tí mo tún ń wò ó. Mo yí ẹ̀yìn ẹ̀. Nọ́ńbà fóònù wà níbẹ̀. Nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tó ń séfíìsì ọkọ̀ láti 2019, wọ́n fi sítáǹpù tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀yìn ìwé. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo rà á. Mo pè é. Mi ò tíì parí ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yẹn ti dá mi lóhùn.

"Corolla aláwọ̀ eérú? Ti ọ̀gá Adankolo yẹn? Hàà, màmá, ọkọ̀ yẹn mumi o. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò nínú omi. Èmi gan-an ni mo ní kí ọ̀gá má tún un ṣe, kó tà á fún àwọn tó ń tú u ní pátì-pátì. Ṣé wọn ò sọ fún yín ni?"

Wọn ò sọ fún mi. Ìpè kan. Owó ìpè ò lè tó ₦100. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún débi pé ọkọ mi rò pé ẹnì kan ti kú.

Torí ta ni kò mọ̀ nípa 2022? Ṣebí èmi náà wà nílẹ̀ yìí! Odò Ọya àti Bẹ́núè kún bò, Ganaja wà lábẹ́ omi, Adankolo wà lábẹ́ omi, àdúgbò Lokoja ni méjèèjì, àwọn ọkọ̀ há sí Koton-Karfe lójú ọ̀nà Abuja fún ọjọ́ púpọ̀, epo mi dúró sílé ní October yẹn, mi ò rí i gbé lọ ibì kankan. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé àbúrò ìyá mi jáde nílé. Ìwé wá dúró ní August 2022, nínú ọkọ̀ tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ ti Lokoja, tí wọ́n ń tà ní Lokoja, èmi sì ń béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀! Mo ti fi orí mi gbá ògiri lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣé èmi ni olè? Ẹni tó mọ̀ tó sì fi bírò búlúù kọ séfíìsì irọ́ sínú ìwé ẹni ẹlẹ́ni ńkọ́?

Mo padà lọ bá ọkùnrin tó tà á fún mi. Kò bú mi, kò pariwo, ó rọra mú rìsíìtì jáde, ó fi ìdí ẹ̀ hàn mí níbi tó kọ ọ́ sí pé bí mo ṣe rí i ni mo ṣe rà á. "Mọ́mì, ọjà tá a ti tà kì í padà. Ṣebí ẹ mú mẹkáníìkì yín dání." Níwájú àwọn oníbàárà mìíràn! Ọkọ̀ mẹ́ta mìíràn wà níbẹ̀ tí pafúmù mẹ́ta mẹ́ta so rọ̀ sí iwájú dígí wọn. Mi ò mọ ohun tó ṣe àwọn ọkọ̀ yẹn. Mo kàn sọ ohun tí mo rí.

Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, àbúrò mi tó jẹ́ lọ́yà ló ní kí n má dárúkọ torí lẹ́tà tá à ń kọ sí i. Ó ní òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 wà, ọ̀rọ̀ inú rìsíìtì yẹn ò lè bo irọ́ mọ́lẹ̀. A máa rí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní tòkunbọ̀ ló yẹ kí n rà, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ tó mumi wà ní Amẹ́ríkà náà, wọ́n ń kó o wá síbí. Èmi ò gba ẹnikẹ́ni tó ń ta ọkọ̀ gbọ́ mọ́, Kabba o, Lokoja o, Ìlọrin o, Abuja o. Ọkọ mi ní kí n yọ gbólóhùn yẹn kúrò pé olóòótọ́ wà nínú wọn. Mi ò yọ ọ́. Kí olóòótọ́ inú wọn wá bá mi.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ rà, ẹ tú kápẹ́ẹ̀tì fúnra yín, ẹ fa bẹ́líìtì dé ìdí, ẹ fi iná wo abẹ́ síìtì àti ibi tí sípéà táyà ń sùn, ẹ wo iná airbag. Ẹ ra á nígbà òjò. Tí ìwé séfíìsì bá ní àlàfo, ẹ má bi ẹni tó ń tà á, ẹ wá nọ́ńbà ẹni tó ń tún un ṣe, kẹ́ ẹ sì pè é lójú ẹni tó ń tà á. Mi ò mọ òmíràn tí mo lè sọ, orí mi ò pé.

Réwáyà ti gba ₦210,000, àtúnṣe jíà ọkọ̀ yẹn ń béèrè ₦750,000 tí mi ò ní. Mo ti padà sínú bọ́ọ̀sì, kẹ́ẹ̀gì mi ṣì ń jò. Ẹnì kan tó mọ̀ mí dáadáa wá bá mi nílé lọ́jọ́ Àìkú, ó ní kí n fọ ọkọ̀, kí n dúró de ẹ̀ẹ̀rùn, kí n gbé e lọ sí Òkéné, pé wọn ò mọ̀ mí níbẹ̀. Mo lé e jáde. Mo mú ìwé pélébé yẹn, mo fi bírò pupa kọ ọ́ gbàgàdà sínú àlàfo yẹn: Ó MUMI, OCTOBER 2022, ADANKOLO. Mo dá a padà sínú pijin-ó.