The Murder at the Vicarage: Ìwé Tí Mo Fi Ń Gbádùn Alẹ́ Ìgbà Ìwọ́wé

Bí ìgbà ìwọ́wé bá ti dé, tí ilẹ̀ wá ń tètè ṣú, ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó tuni lára ló máa ń wù mí kà. Wọ́n á pa èèyàn nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò ní sí ẹ̀jẹ̀ rẹpẹtẹ, jìnnìjìnnì ò sì ní bá ẹni tó ń kà á. Nínú gbogbo èyí tí mo ti kà, The Murder at the Vicarage tí Agatha Christie kọ, tó jáde lọ́dún 1930, ni mo máa kọ́kọ́ gbé lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Abúlé kékeré kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, St. Mary Mead, ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, àlùfáà ìjọ ibẹ̀ ló sì ń ròyìn rẹ̀ fún wa. Ẹnì kan fi tẹlifóònù tàn án jáde nílé. Ìgbà tó máa padà dé, òkú Kọ́nẹ́ẹ̀lì Protheroe ló bá nídìí tábìlì ìkọ̀wé rẹ̀, wọ́n ti yìnbọn pa á. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi lọ jẹ́wọ́ pé òun lòun ṣe é. Ẹlòmíì tún jẹ́wọ́! Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ọ̀rọ̀ aago orí tábìlì yẹn ni mo gbádùn jù. Aago náà ṣubú, ó kú sí aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 22, àwọn ọlọ́pàá sì rò pé ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n pa bàbá náà. Bẹ́ẹ̀, àlùfáà ló mọ̀ọ́mọ̀ fi aago yẹn yá ní ìṣẹ́jú 15 kí òun má bàa máa pẹ́. Ó fẹ́ sọ ọ́ fún Ìnsípẹ́kítọ̀ Slack, àmọ́ ọkùnrin oníwàǹwára yẹn ò jẹ́ kó lanu. Ńṣe ló dà bíi kí n wọnú ìwé lọ bá a sọ ọ́.

Miss Marple, ẹni tó ń tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà, ńkọ́? Ìwé yìí ni ìtàn gígùn àkọ́kọ́ nínú 12 tí Christie kọ nípa rẹ̀. Ìyá àgbà onírun funfun ni, tí kò relé ọkọ rí. Á máa tún ọgbà rẹ̀ ṣe, á gbé awò sójú bíi pé ẹyẹ lòun ń wò, kò sì sẹ́ni tó máa gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá tí kò ní rí. Ẹnu rẹ̀ mú nínú ìwé yìí ju bó ṣe rí nínú àwọn tó tẹ̀ lé e lọ. Ní tèmi, bó ṣe dáa jù nìyẹn.

Àléébù rẹ̀ ò ju pé èrò pọ̀ jù níbẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ wọn sórí bébà, ẹ fi há inú ìwé. Àárín rẹ̀ náà fà díẹ̀, torí àbẹ̀wò lórí àbẹ̀wò ni. Àmọ́ àwọn àbẹ̀wò yẹn ni olobó fara pa mọ́ sí, ẹ má fò wọ́n o, ẹ má sì ṣí ẹ̀yìn ìwé wò.

Ẹni tó ń wá eré àsápajúdé àti ìjà ò ní gbádùn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn kó jókòó sábẹ́ iná, kó máa ro ọ̀rọ̀ ró díẹ̀díẹ̀, kó rà á. The Body in the Library, òmíràn nínú àwọn ìwé Miss Marple, ló kàn lọ́wọ́ mi báyìí.