Irin tí mo dè mọ́ orí ṣọ́ọ̀kì Corolla mi

Corolla 2005 ni mo ń wà láàárín Kàbà àti Ìsánlú, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ó kéré tán. Bí mo bá wọ kọ́nà pẹ̀lú eré, imú rẹ̀ á máa wá bó ṣe máa jáde sí ẹ̀gbẹ́ títì, bí mo tilẹ̀ yí sítíárì tó. Ẹni tó ta irin kan fún mi ní Ládípọ̀ ní irin náà ló máa wò ó sàn. ₦45,000 ni mo san.

Irin gbọọrọ kan ni, ó gba orí ẹ́ńjìnnì kọjá, ó so orí ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún mọ́ tòsì. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta ló wà lórí ṣọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan. Mẹkáníìkì mi ní Kàbà ò fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà rárá, torí bí táyà ò bá kanlẹ̀ tá a sì tú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣọ́ọ̀kì á yọ sísàlẹ̀. Bó ṣe ń nu ọwọ́ ló ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ti dè é o, àmọ́ irin yìí ò lè ṣe iṣẹ́ bọ́ọ̀ṣì.” Rọ́bà tó wà níbi tí apá tó di táyà mú ti so mọ́ ara ọkọ̀ ló ń pè ní bọ́ọ̀ṣì. Mi ò dá a lóhùn.

Lórí ọ̀nà kọ̀ǹkéré Ọbàjánà sí Kàbà, kìlómítà 43 tó tẹ́jú, mo rí ìyàtọ̀ lóòótọ́. Mo kan fọwọ́ kan sítíárì báyìí, imú ọkọ̀ ti tẹ̀ lé mi. Ó dùn mọ́ mi gan-an. Àmọ́ kọ́nà kan wà lẹ́yìn Mọ̀pà tí mo mọ̀ bí ẹní mọ ilé. Mo débẹ̀, ó tún jáde bó ṣe máa ń jáde. Níbi tí kòtò pọ̀ sí, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé irin kankan wà níbẹ̀, àfi ariwo: sítìn ẹ́ńjìnnì, ìyẹn rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, ti rọ̀, ẹ́ńjìnnì ń mì lu irin náà, kò-kò-kò.

Táyà iwájú ló ń fa Corolla, òun ló ń yí ọkọ̀ sí kọ́nà, òun náà ló ru èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo. Bí a bá tẹ iná mọ́ ọn nínú kọ́nà, fífà á gba lára agbára tó yẹ kó fi yí. Irin ò lè mú kí táyà di títì mú ju bó ṣe mọ lọ. Kí orí ṣọ́ọ̀kì má yẹ̀ nípò ni iṣẹ́ tirẹ̀. Orí ṣọ́ọ̀kì Corolla sì sún mọ́ ògiri irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti àwa tá a jókòó, ògiri yẹn ti ń gbé e ró tẹ́lẹ̀. Èyí tí mo rà tún ní oríkèé oníbóòtì ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ibẹ̀ ló ti ń yẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà, èyí tí wọ́n jó pọ̀ di ẹyọ kan ni kó wá.

Mo yọ ọ́. Mo pààrọ̀ bọ́ọ̀ṣì lówà áàmù méjèèjì, ṣọ́ọ̀kì iwájú, sítìn ẹ́ńjìnnì, mo ju táyà tòkunbọ̀ nù, mo ra mẹ́rin tuntun, mo ṣe aláínmẹ́ǹtì. Rọ́bà bọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ti ya débi pé ìka mi wọ inú rẹ̀. Kọ́nà Mọ̀pà yẹn kan náà, eré 70 kan náà, ọkọ̀ ò kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Irin ò sí lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo ní kí wọ́n dè é padà. Ó tún dáa sí i, díẹ̀, lórí títì tó tẹ́jú nìkan. Ká ní ₦45,000 yẹn padà sọ́wọ́ mi lónìí, bọ́ọ̀ṣì ni màá kọ́kọ́ lọ rà.