Káráfáànù Jámánì, mọ́tò Amẹ́ríkà: bí a ṣe so tiwa pọ̀ ní Òṣogbo

Bí ẹ bá lọ́mọ bíi tiwa, tí ẹ sì ń wá mọ́tò tó máa fa káráfáànù, ilé kékeré onítáyà tí a ń so mọ́ ìdí mọ́tò, ẹ má kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á pé kílò mélòó ló lè fà. Ilẹ̀kùn awakọ̀ ni kí ẹ ṣí. Lára òpó ibẹ̀, wọ́n máa ń lẹ ìwé kékeré kan mọ́ ọkọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà, tó sọ iye èèyàn àti ẹrù tí mọ́tò náà lè gbé sínú ara rẹ̀. Ìyẹn ló máa ń tètè kún.

Tòkunbọ̀ láti Jámánì ni káráfáànù tiwa, oníbùsùn mẹ́rin. Wọ́n kọ ọ́ sára irin rẹ̀ pé tó bá kún, kò gbọdọ̀ ju 1,200 kílò lọ. Sienna 2007 tó wà nílé, àwọn tó ṣe é ní ó lè fa 3,500 pọ́n-ùn, nǹkan bíi 1,588 kílò. Lójú ẹni, ó tó. Mo wá mú bírò: èmi, Dádì Tọ́lá, ìyá ọkọ mi, ọmọ mẹ́ta, ẹrù inú búùtù, àti ìwúwo tí imú káráfáànù máa dì lé ìdí mọ́tò. Gbogbo rẹ̀ la máa kà mọ́ iye tó wà lórí ìwé ara òpó yẹn, ó sì ju iye náà lọ. Lẹ́yìn náà, táyà iwájú ló ń wọ́ Sienna tiwa. Bí ẹrù bá tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, iwájú á fúyẹ́, táyà á sì máa yọ̀ lórí òkè. Erin-Ìjẹ̀ṣà la sì ń lọ, níbi omi Olúmìrìn. Gbogbo wa la mọ òkè ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

Jíìpù 4Runner 2007, oní-ẹ́ńjìnnì V6, la wá rà, tó lè fa 5,000 pọ́n-ùn, ìyẹn 2,268 kílò. Ó fi ààyè sílẹ̀ dáadáa, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Bọ́ọ̀lù ìdí mọ́tò, irin roboto tí ẹnu káráfáànù ń bò mọ́lẹ̀, ló gba sùúrù jù. Ti Amẹ́ríkà tó wà lára tiwa jẹ́ ínṣì méjì, ìyẹn 50.8 mílímítà, ti Yúróòpù jẹ́ 50 gééré. Ojú ò lè rí ìyàtọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ẹnu káráfáànù ò gbà á wọlé bó ṣe yẹ. Wẹ́dà kan ní kí òun fi gíráńdà ha bọ́ọ̀lù náà díẹ̀. Mo ní rárá o, ẹ̀mí ọmọ mi ló so mọ́ irin yẹn. Ọ̀gá wẹ́dà mìíràn lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán ló mọṣẹ́: ó wọ̀n ọ́n, ó ní ká ra bọ́ọ̀lù 50 wá láti Ládípọ̀ l'Ékòó, ó sì sọ irin tó gbé e dúró kalẹ̀, torí 4Runner ga. Báyìí káráfáànù dúró gbọọrọ, imú rẹ̀ ò ròkè, kò sì dorí kodò. Kí Ọlọ́run bá mi kẹ́ ọkùnrin náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọn imú yẹn kí ẹ tó gbéra. Ìwọ̀n tí a fi ń wọn ara wa nínú ilé la gbé sílẹ̀, a to pákó lé e, a sì sọ imú káráfáànù lé pákó. Àwọn ará Yúróòpù ń fẹ́ kó wà láàárín ìdá márùn-ún sí méje nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo káráfáànù tó bá kún. Fún tiwa, 60 sí 84 kílò. Ogójì péré ló fi hàn! Kẹ́ẹ̀gì omi oní-lítà 25 méjì ni Màmá ní kí wọ́n kó sẹ́yìn pátápátá. Ìdí tó wúwo báyẹn ló ń mú káráfáànù máa jù sọ́tùn-ún sósì lójú ọ̀nà. A gbé omi wá sí orí táyà, a gbé sìlíńdà gáàsì síwájú, ó di 76.

Bíréèkì rẹ̀ kò fẹ́ iná: bí mọ́tò bá dín eré kù, imú káráfáànù á wọlé, á sì fa bíréèkì fúnra rẹ̀. Káráfáànù ńlá Amẹ́ríkà sábà máa ń ní bíréèkì oníná, tó ń fẹ́ ẹ̀rọ mìíràn nínú mọ́tò. Wáyà ló yọ wá lẹ́nu. Ẹnu plọ́ọ̀gì méjèèjì ò jọra, iná tó ń ṣẹ́jú bí a bá fẹ́ yà sì dá dúró lára ti Yúróòpù, nígbà tó jẹ́ pé lára ti Amẹ́ríkà, òun àti iná bíréèkì lè jọ wà lórí wáyà kan. Ẹ wá rewáyà tó mọ èyí.

Bí wọ́n bá fi tìlú Òyìnbó gẹ̀ẹ́sì lọ̀ yín, ẹ wo ilẹ̀kùn rẹ̀. Apá òsì ni wọ́n ń wakọ̀ níbẹ̀, apá òsì náà sì ni ilẹ̀kùn sábà máa ń wà. Níbí, àárín títì lọmọ máa sọ̀ sí. Ti Jámánì dojú kọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

4Runner yìí ń mu epo, mi ò ní parọ́. Káráfáànù sì fẹ̀ jù ú lọ, nítorí náà ẹ ra dígí tí wọ́n ń kì bọ dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò kí ẹ tó kúrò ní Òṣogbo. Láìsí i, ẹ ò ní rí ọlọ́kadà tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn.