Lọ́yà Sábó tó ń ṣàlàyé bankruptcy Amẹ́ríkà: owó wa ò wọgbó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ̀lẹ́bí ní Amẹ́ríkà tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn, tí wọ́n fẹ́ ṣe bankruptcy, ìyẹn kí kóòtù bá wọn pa gbèsè rẹ́, lọ́yà kan wà ní Sábó, Ìkòròdú níbí, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe, ẹ lọ rí i. Kò ní bá yín fáìlì ìwé sí kóòtù o, lọ́yà tó wà lọ́hùn-ún ló máa ṣe ìyẹn, àlàyé ló ń tà, ó ti ṣe lọ́yà ní Texas rí kó tó padà wálé. ₦30,000 ni ìjókòó kan. Àǹtí mi àti ọkọ wọn tí wọ́n ń gbé Houston fẹ́ jọ fáìlì Chapter 7, oríṣi bankruptcy tí wọ́n ti lè ta ohun ìní tí òfin ò dáàbò bò láti fi san gbèsè, kí wọ́n tó pa ìyókù rẹ́, èmi ni mo sì ń bá wọn mójú tó ilẹ̀ tí wọ́n rà sí Ìmọ̀tà, ìdí tọ́rọ̀ fi kàn mí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó bí mi nínú. Aago mẹ́wàá ni wọ́n dá fún wa, oòrùn ti mú kí ọ̀gá tó yọjú, sẹ́kítírì ẹ̀ ò tiẹ̀ bẹ̀ wá, fíìmù ló ń wò. Wọ́n tún gba owó fótókọ́pì lọ́tọ̀, nẹ́tíwọ̀kì WhatsApp tí àǹtí mi àti ọkọ wọn fi ń bá wa sọ̀rọ̀ sì ń já ṣáá.

Àmọ́ ìgbà tó jókòó, ó mọṣẹ́. Ó yí bébà kan sódì, ó fa ìlà sáàárín, orúkọ àǹtí mi lápá kan, ti bùrọ̀dá, ọkọ wọn, lápá kejì, ó ní ìwé kan lẹ jọ máa fáìlì, owó kóòtù kan náà lẹ máa san, $338, ṣùgbọ́n ohun tí òfin ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún yín, kálukú ló ní tiẹ̀. Ibẹ̀ lojú wa ti là.

Lístì ohun tí wọn ò ní gbà lọ́wọ́ ẹni yìí, ní Texas, èèyàn lè mú ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀. Ti Texas dáa fún ẹni tó nílé tó ń gbé, tó ti rà á tipẹ́, torí ìwọ̀n ilẹ̀ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe iye owó. Rẹ́ńtì làwọn tiwa ń san, kò sì sáyè fún ilẹ̀ Ìmọ̀tà nínú lístì yẹn. Ti ìjọba àpapọ̀ ló ní wildcard, ìyẹn iye tí èèyàn lè fi bo ohun ìní tó bá wù ú kí wọ́n má bàa gbà á, $1,675, tí èèyàn tún lè fi tó $15,800 kún un látinú èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ilé tí kò bá lò ó. $17,475 fẹ́nì kan, $34,950 fún tọkọtaya. Mọ́tò ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, $5,025 fún kálukú. (Iye tó bẹ̀rẹ̀ ní April 2025 nìyí, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń yí i.) Bùrọ̀dá lóun fẹ́ ti Texas nítorí píkọ́ọ̀pù òun, àǹtí mi fárí gá, lọ́yà ní wọn ò lè mú lístì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bẹ́nu wọn ò bá kò, ti ìjọba àpapọ̀ ni òfin máa kà sí tiwọn.

Ni bùrọ̀dá bá bèèrè jẹ́ẹ́jẹ́ pé ṣé wọ́n á tiẹ̀ mọ̀ nípa Ìmọ̀tà. Lọ́yà bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀." Ó ní gbogbo ohun ìní yín ni, ibi yòówù kó wà láyé, ẹni tó bá fi pa mọ́, kóòtù lè kọ̀ láti pa gbèsè ẹ̀ rẹ́, ó sì lè fẹ̀wọ̀n ọdún 5 jura. Ó gba rìsíìtì ilẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó fi bírò tọ́ka sí orúkọ méjèèjì tó wà lórí ẹ̀, ó ní ìyẹn ló máa jẹ́ kí wildcard àwọn méjèèjì lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Ká ní ogún àǹtí mi nìkan ni, tiwọn nìkan ni wọn ì bá fi bò ó. Ó tún ní ogún tó bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ 180 lẹ́yìn tí wọ́n bá fáìlì, inú ohun ìní tí kóòtù máa kà náà ló ń lọ. Màmá wa tó jókòó tì mí ní, "Ẹ má wojú mi o, mi ò tíì ń lọ ibì kankan."

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú rìsíìtì àti sọ́fè dání, kẹ́ ẹ sì ti bá ajẹ́ǹtì tó mọ àdúgbò yẹn sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ mọ iye tí ilẹ̀ ń lọ báyìí, ìyẹn ni nǹkan àkọ́kọ́ tó máa bi yín. Ẹ ra dátà dáadáa. Mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin, ìkarùn-ún wà lọ́wọ́ sẹ́kítírì.