Methyl àti acetyl: èwo ló ń pa jíìnì lẹ́nu mọ́ nínú ọpọlọ?

Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní báyọ́lọ́jì ní Kàbbà máa ń da méjèèjì pọ̀. Ègé kẹ́míkà kékeré ni wọ́n, kò sì sí èyí tó ń yí lẹ́tà DNA padà nínú wọn. Jíìnì tí yóò ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ni wọ́n ń bá wá pinnu.

Ara DNA gan-an ni methyl ń lẹ̀ mọ́, lórí lẹ́tà C, ọ̀kan nínú lẹ́tà mẹ́rin tí DNA ní. Bó bá pọ̀ níbi tí jíìnì ti bẹ̀rẹ̀, jíìnì náà sábà máa ń panu mọ́. Pùrótéènì MeCP2 ló ń dá ibẹ̀ mọ̀. Ní 1999 ni wọ́n rí i pé bí jíìnì MeCP2 bá bàjẹ́, ó ń fa àrùn Rett: ọmọbìnrin tó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ á pàdánù ọ̀rọ̀ àti ìlò ọwọ́.

Ti acetyl yàtọ̀. Ara histone ló ń lẹ̀ mọ́, ìyẹn pùrótéènì tí DNA wé mọ́ bí òwú àwọn ìyá ahunṣọ Ògìdì ṣe ń wé mọ́ igi. Bó bá dé, ibẹ̀ á dẹ̀, jíìnì á ráyè. Ẹ́ńsáìmù HDAC ló ń ká a kúrò. (Oògùn wárápá tó ń jẹ́ valproate máa ń dí HDAC lọ́wọ́, ẹ má tìtorí ìyẹn dá a lò o!)

Lójú tèmi, methyl ló lágídí jù. Síbẹ̀, òun náà ṣeé yí padà. Ní 2004, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Meaney àti Szyf ní Kánádà fi hàn pé ọmọ eku tí ìyá rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ lá ní methyl púpọ̀ lórí jíìnì pùrótéènì tó ń gba họ́mọ̀nù másùnmáwo. Oògùn tó ń dí HDAC lọ́wọ́ ló dín methyl náà kù.