Ilé ìgbẹ̀bí kan ní Kubwa: ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún

Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ọ̀rọ̀ náà ti wà níwájú MDCN, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ àwọn dókítà ní Nàìjíríà, lọ́yà wa sì ní kí n ṣọ́ ẹnu mi. Ilé ìgbẹ̀bí aládàáni ni, ní Kubwa l'Abuja níbí, ibi tí ọ̀pọ̀ àwa Yorùbá ti ń gba káàdì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dáa, kí wọ́n má bàa ní mo wá bà wọ́n lórúkọ jẹ́ ni. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Iná wọn kì í ṣẹ́jú. Nọ́ọ̀sì tó ń rí sí àwọn aboyún láàárọ̀ ní sùúrù. Tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ní kó o jókòó sinmi, á tún un wò. Owó wọn ga, ṣùgbọ́n wọ́n á sọ iye rẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀. Ìràwọ̀ méjèèjì nìyẹn.

Ìyàwó àbúrò mi bímọ síbẹ̀ lálẹ́. Ọmọ wà, a dúpẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ni kò dá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyàwó wa ti kú.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbímọ kì í ṣe àdììtú mọ́. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa jáde ní 2023: wọ́n tẹ́ ọ̀rá tó ní àmì òṣùwọ̀n sábẹ́ obìnrin kí wọ́n lè rí iye ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, wọ́n sì da gbogbo ìtọ́jú bò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjàm̀bá ẹ̀jẹ̀ tó le dínkù ní 60%. Ojú lásán ni wọ́n fi wọn ti ìyàwó wa. "Moderate", ìyẹn pé kò pọ̀ jù, ni wọ́n kọ sínú fáìlì.

Fáìlì yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Rẹ́jísírì, ibi tí wọ́n ń tọ́jú fáìlì, ni mo ti ṣiṣẹ́ ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ ò lè fi fáìlì tàn mí. Wọ́n gbà kí n wò ó lórí tábìlì mánéjà, wọn ò gbà kí n fi fóònù yà á. Kò sí nọ́ńbà lójú ìwé kankan, ẹni tó bá fẹ́ lè yọ èyí tó wù ú. Ìwé tí wọ́n ń kọ ẹ̀jẹ̀ ríru sí wá jẹ́ ọwọ́ kan, yíǹkì kan, láti alẹ́ dé ìdájí, ìlà rẹ̀ gún bíi tẹni tó jókòó da ìwé kọ. Bẹ́ẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn láàárín! Mo bi mánéjà pé ta ló kọ ọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká gba kádàrá."

Lẹ́tà wọn dé lẹ́yìn náà: ìgbìmọ̀ ti ṣèwádìí, kò rí àṣìṣe kankan. Ta ni ìgbìmọ̀? Dókítà tó ni ilé ìwòsàn, mátíróònù, àti mánéjà kan náà. Dókítà yìí ló sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ náà. Wọn ò pe àbúrò mi, ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́jú. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Tàwọn yìí tún kọjá bẹ́ẹ̀, ẹlẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ ló gorí àga adájọ́. Wọ́n tún kọ ọ́ pé àwa la ò jẹ́ kí wọ́n yẹ òkú wò. Mùsùlùmí ni wá, ọjọ́ náà la sin ín, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sì mẹ́nu kan àyẹ̀wò kankan fún wa kí a tó gbé e lọ.

Wọ́n ti rí irú ẹ̀ ní Shrewsbury ní England. Ọdún gbọọrọ ni ilé ìwòsàn ìjọba ibẹ̀ fi ń wádìí ara rẹ̀, àwọn òbí tí ọmọ wọn kú ni ò gbà. Nígbà tí wọ́n gbé e fún Donna Ockenden, àgbẹ̀bí tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, ìròyìn rẹ̀ ní 2022 sọ pé ó ṣeé ṣe kí ọmọ 201 àti ìyá 9 má kú ká ní ìtọ́jú wọn dáa. Níbí, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 75,000 obìnrin ló bá oyún àti ìbímọ lọ ní Nàìjíríà ní 2023. Mélòó nínú wọn ni ará ìta bá wọn wo fáìlì rẹ̀?

Òfin Ìlera ti 2014, ẹ̀ka 30, fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹjọ́ sùn kí wọ́n sì wádìí rẹ̀. Ohun tá a dúró lé nìyẹn. MDCN lè pe dókítà, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ dókítà ló wà lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe ti ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gba káàdì, níbẹ̀ tàbí níbòmíràn, ẹ bi wọ́n ní tààrà pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹni wo láti ìta ló máa wádìí. Ẹ gba ẹ̀dà fáìlì yín lọ́jọ́ náà gan-an. Tí wọ́n bá fajú ro, ẹ bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀.

Baba mẹ́gàdì tó jẹ́ Háúsá nìkan ló kí wa nígbà tí à ń gbé e jáde: "Allah ya jikanta," ìyẹn ni pé kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀. Kò sí ìràwọ̀ tí mo lè fún òun níbí. Bí MDCN bá dá wa lóhùn, màá wá fi kún ohun tí mo kọ yìí.